Kóòtù Mẹ́ta Nínú Oòrùn Sharjah

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi wọ kóòtù mẹ́ta lé ara wọn ní Sharjah, ìlú Lárúbáwá tí a ti lọ rajà. Kóòtù onírun àgùntàn, irú ti òyìnbó inú fíìmù àtijọ́, ni oníbàárà wa l'Ékòó ń fẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù wa ti wúwo jù fún bàálù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ wọn! Ooru yìí pọ̀."

"Yalla, jẹ́ ká lọ! Ẹrù ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wọn èèyàn."

Takisí pẹ́ kó tó dé. Nínú oòrùn ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n ṣubú gbì. Mo ń já bọ́tìnnì; kí n tó bọ́ kóòtù kẹta, ẹ̀mí ti bọ́.

Kóòtù méjì jẹ́ ti oníbàárà. Ẹ̀kẹta, tó fún mọ́ Ẹ̀gbọ́n lára jù, ìwọ̀n tèmi ni.