Adéyẹmí O. Méjì ní Òpópónà Kan

Ìyàwó Adéyẹmí ti di ẹrù kí ó tó wá sí ọ́fíìsì wa ní Festac. Ó ní òun ń padà sílé àwọn òbí òun ní Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, àfi tí a bá ṣàlàyé bí orúkọ ọkọ òun ṣe dé ara ilẹ̀kùn obìnrin mìíràn. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn, ó di fìlà mọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i," ni ó wí. "Ẹ̀rọ yín ti fún mi níyàwó kejì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, nítorí obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ni. Àwọn àlejò àjọ̀dún FESTAC ti lọ, ìjọba ń pín ilé tí wọ́n gbé fún àwọn òṣìṣẹ́, àwa sì ń fi kọ̀ǹpútà tẹ káàdì tí a ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Nínú ètò tí a kọ, ilé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ohun kan tó ní àbùdá tirẹ̀: òpópónà, nọ́ńbà, orúkọ olùgbé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa nìkan là ń kọ ọ́ báyìí l'Ékòó, ṣùgbọ́n n kò wádìí. Ẹ̀rọ kì í dá sọ àbùdá di ọ̀rọ̀ téèyàn lè kà. Èèyàn ló ń kọ ìlànà rẹ̀ fún un. Ọ̀gá mi, Àǹtí Rẹ̀mí, ló kọ tiwa. Káàdì kò fẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀rọ gé orúkọ àbísọ sí lẹ́tà kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe lókè òkun.

Lókè òkun, bóyá lẹ́tà kan tó. Lọ́dọ̀ wa, Olúfẹ́mi di O, Oyèwọlé náà di O. Mo wo ilé obìnrin kejì náà nínú àkọsílẹ̀ wa, ní òpópónà kan náà: Oyèwọlé Adéyẹmí ló ń gbé ibẹ̀. Olúfẹ́mi ni ọkọ tó wá bá wa. Mo ṣàlàyé.

"Ẹ̀yin ọkùnrin," ni ìyàwó wí, "bí ẹ ṣe máa ń bo ara yín náà nìyẹn."

Àǹtí Rẹ̀mí gbójú sókè. "Ọkùnrin kọ́ ló kọ ọ́, mà. Èmi ni."

Obìnrin náà wò ó títí, ó wá jókòó.

A tún ìlànà náà kọ: kí orúkọ jáde ní kíkún, kí èyí tó bá gùn bọ́ sí ìlà kejì. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti mú káàdì méjèèjì dé òpópónà wọn. Oyèwọlé já tiẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní láti àná lòun náà ti ń ṣàlàyé fún ìyàwó òun.

Ìyàwó Olúfẹ́mi rọra ka tiwọn. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ wa lè fi orúkọ tòun kún un. Mo rò ó. Ilé kankan kò ní irú àbùdá bẹ́ẹ̀ nínú ètò wa, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kó má ní in. Mo béèrè orúkọ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́. Ẹ má gé e o." Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Títí, ẹ lọ bá mi tú ẹrù yẹn."