Kíbọ́ọ̀dù Páálí

Òórùn gọ́ọ̀mù ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí fóònù oníbọ́tìnnì ṣì wà lọ́wọ́ gbogbo wa, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní aṣọ rírán, irun ṣíṣe àti kọ̀ǹpútà. Páálí ni kíbọ́ọ̀dù wa. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé tí wọ́n ya lẹ́tà sí mọ́ ọn, olúkúlùkù sì gbé tirẹ̀ lé itan. Àwọn kọ̀ǹpútà gidi wà níwájú lábẹ́ aṣọ léèsì, bí ìyàwó tí ọkọ ò tíì rí lójú. Àlejò nìkan ni wọ́n ń ṣí wọn fún.

Tíṣà wa, ọkùnrin onítáì, ní ẹ̀rọ kan tó ń tan àwòrán sára ògiri. Yóò tọ́ka sí àwòrán kọ̀ǹpútà lára ògiri, àwa yóò máa tẹ páálí. Ìyàwó ọkùnrin kan tó ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní pọ́ọ̀tù, tó wà láàárín wa, ò lè pa á mọ́ra.

"Tíṣà, tí wọ́n bá ya ẹ̀bà sára ògiri, ṣé èèyàn á yó?"

"Màdámù, ẹ jáde."

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà; lọ́dọ̀ tiwa, abéèrè ló ń rí ọ̀nà ìta. Èmi tí ojú ń tì, tí ìwé mi ò ju alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, gbà pé ọlọ́gbọ́n ni Tíṣà, torí táì rẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Àpápá ti ṣèlérí fún ìyá mi pé bí mo bá ti lè tẹ lẹ́tà, òun á gbà mí sí ọ́fíìsì òun. Ìyẹn nìkan ló lè yọ mí nínú àwo fífọ̀ níbi tí ìyá mi ti ń ta ìrẹsì fáwọn onítírélà ní ibùdókọ̀ Coconut.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀gá fún mi ní lẹ́tà kan pé kí n tẹ̀ ẹ́. Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìwo ọwọ́ mi. Ó wá dúró lẹ́yìn mi.

"Ọmọ yìí, kí lò ń tẹ̀?"

"Lẹ́tà yín ni, sà. Mo ti parí ẹ̀."

"Kọ̀ǹpútà tí o ò tíì tàn!"

Ojú ẹ̀rọ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Mi ò fura, torí páálí ò fi nǹkan kan hàn wá rí. Akọ̀wé rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ọ̀gá, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ sọ́run o!" Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn.

Láti ibẹ̀ ni mo gba ilé ẹ̀kọ́ lọ. Mo bá àwọn àlejò tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ níbẹ̀. Tíṣà ti ká léèsì kúrò. Ó mọ̀ pé ìdánwò ni mo lọ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, síbẹ̀ àwòrán mi ló wà lára ògiri tó ń fi hàn wọ́n.

"Ọmọbìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá báyìí."

Ẹnu mi tí kì í là láwùjọ là. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ọ̀kan nínú wọn fún mi."

"Kò síná," ni Tíṣà wí, iná ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń tàn yòò sí i níwájú orí.

Àwọn àlejò mirí. Ọ̀kan tiẹ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ iná ìlú yìí náà ti sú èèyàn."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ bá a lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́. Wọ́n jọ ya fọ́tò ni. Àárín ni wọ́n fi èmi sí.

Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń bá èèyàn tẹ̀wé ní Kirikiri ni mo ti padà kọ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ní báyìí, bí mo bá ń kọjá níwájú kíláàsì kan tí tíṣà ti ń sọ̀rọ̀ dídùn, n kì í wo ohun tó wà lára ògiri. Ọwọ́ àwọn tó jókòó ni mo máa ń wò.