Òdòdó Mẹ́kà Tí Wọ́n Ní Mo Pa

Òórùn iyẹ̀pẹ̀ tútù ní Yarnton Way, òpópónà ilé wa nílùú òyìnbó, máa ń bí mi nínú. Nígbà èwe mi, Grandma mú kóró òdòdó aṣálẹ̀ kan tó ń fà nílẹ̀ bọ̀ láti Mẹ́kà, wọ́n gbìn ín sí bákónì wa. Bí wọ́n bá ṣe àlùwàlá tán, wọ́n á ní kí n da ìyókù omi sí i. Ó sú mi! Síńkì ni mò ń dà á sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òdòdó yọ, ó pupa fòò.

"Ṣé o rí alùbáríkà omi àlùwàlá?" Grandma gba búùtà lọ́wọ́ mi, láti ọjọ́ náà, wọ́n ń da omi sí i fúnra wọn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi jẹrà. Mo jẹ́wọ́ pé síńkì ni mo ti ń da omi sí.

Iyanrìn gbígbẹ nilé òdòdó aṣálẹ̀. Omi ló pa á. Ṣùgbọ́n títí Grandma fi kú, lójú wọn, èmi ni mo fi òùngbẹ pa òdòdó Mẹ́kà.