Ìdọ̀bálẹ̀ Inú Pálọ̀

Bí òjò bá ti ṣú, ara mi kì í balẹ̀ mọ́. Màá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Àgbàdo, màá pe ìyá mi ní Ìbafò, màá bi í bóyá omi ti wọlé. Á ní, “Kò tíì wọlé, ó wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ọkùnrin olówó kan ló ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa, kò tó mi í bí. Ó da yẹ̀pẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi ga, ó mọ ògiri yí i ká, ó sì dí ojú gọ́tà àdúgbò pa. Láti ìgbà náà, yàrá ìyá mi ni omi ń sùn. Ìyá mi dá ògiri náà lu nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà dí i. Ìyá mi tún dá a lu. Ọkùnrin náà pe ọlọ́pàá. Wọ́n rí arúgbó tó gbé dígà dání, wọ́n kí i, wọ́n bá tiwọn lọ.

Mo rò pé ìjà náà kò ní pẹ́. Kí ni opó tó ń ta ọṣẹ fẹ́ fi bá ẹni tó ní tírélà jà? Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ borí pátápátá kó tó lè sinmi; ní ti ìyá mi, kó ṣáà má kúrò níbẹ̀ ti tó.

Ẹgbẹ́ onílé dá sí i. Ọkùnrin náà ní òun lè la gọ́tà padà. Ìyá mi ní òun gbà, ṣùgbọ́n kó dọ̀bálẹ̀ fún òun lójú pópó, níbi tó ti pe òun ní wèrè. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá ṣe é, gbogbo ilé tó kù ni yóò gbé ẹjọ́ tiwọn dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó tì í, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi pálọ̀ wa.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Lọ́la ni wọ́n máa la gọ́tà yẹn.”

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

“Dìde,” ni ìyá mi wí. “Lọ ṣe é níta.”

Ó dìde, ṣòkòtò rẹ̀ ń ro tótó, ó sì jáde.

“Màámi, kí lẹ tún ń fẹ́?”

“Tó bá dọ̀la tó ní òun ò ṣèlérí ńkọ́?”

“Ṣebí èmi náà gbọ́.”

“Ọmọ mi ni ẹ́. Ta ló máa gba ẹ̀rí ẹ?”

Inú bí mi gan-an, torí òótọ́ ló sọ, omi sì ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wa.