Fáànù Mẹ́ta Bàbá Sùúrù

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Bàbá Sùúrù nígbà tó kú.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba kásẹ́ẹ̀tì fídíò àtijọ́ lọ́wọ́ èèyàn, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ di ohun tí fóònù lè gbé. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohun tí àdúgbò fi ń rántí rẹ̀ jù ni ọjọ́ tó lọ ra káàdì àwòrán.

Káàdì àwòrán ni pátákó kan tí wọ́n ń kì bọ inú kọ̀ǹpútà, òun ló ń gbé àwòrán wá sójú rẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún Bàbá Sùúrù pé bí káàdì náà bá lágbára, ó lè gba iṣẹ́ fídíò ṣe lọ́wọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ọjọ́ kan á wá di iṣẹ́ ìṣẹ́jú. Ó mú káfíńtà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú káfíńtà ló ṣe. Ẹnu rẹ̀ náà ni gbogbo èèyàn ti gbọ́ ọ.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé káàdì kan kalẹ̀. Ó tóbi bíi búlọ́ọ̀kù kékeré, fáànù mẹ́ta sì tò sí i lára.

"Kí ni mẹ́ta ń ṣe níbẹ̀?" Bàbá Sùúrù béèrè.

"Wọ́n ń fẹ́ ẹ kó má baà gbóná ni, Bàbá."

"Fáànù kan ló wà ní pálọ̀ mi. Èèyàn márùn-ún ló ń fẹ́. Yọ méjì kúrò."

"Kò ṣeé yọ, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"N ò bá ẹ jà. Yọ méjì, kí o yọ owó wọn náà."

Oníṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé bàbá ò rẹ́rìn-ín, òun náà pa ẹnu dé. Ó ṣàlàyé, ó tún àlàyé ṣe, ó bu omi fún wọn mu. Bàbá Sùúrù mu omi náà tán, ó ki ọwọ́ sápò, ó sì fa irin tí wọ́n fi ń tú ìṣó ẹ̀rọ yọ. Ó ní bí oníṣọ́ọ̀bù ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń yọ fáànù, òun mọ̀ ọ́n. Ni oníṣọ́ọ̀bù bá gbá káàdì mọ́ àyà bí ọmọ tí ajá fẹ́ gé jẹ.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ọ̀rọ̀ náà sú oníṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí bàbá san owó fáànù méjì, kó mú ẹ̀kẹta lọ ní èènì. Bàbá Sùúrù sanwó. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró.

"Èwo ni èènì nínú wọn?"

Oníṣọ́ọ̀bù mú bírò, ó sàmì sí fáànù kẹta.

Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohun tí kì í ná. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá gbé iṣẹ́ wá fún un, kì í fi bẹ́ẹ̀ jiyàn lórí owó. Ọjọ́ ló máa ń ná. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì gbé kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ ọmọ rẹ̀ wá nígbà kan.

"Ọjọ́ mẹ́rin," ni Bàbá Sùúrù wí.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì, Bàbá."

"Mẹ́ta àtààbọ̀."

"Méjì àtààbọ̀. Ẹ ṣàánú mi, ọmọ náà ti fẹ́ lọ́kọ."

"Ó ti dàgbà tó báyẹn, kí lẹ tún ń sáré sí? Mẹ́ta. Kò ní dín mọ́. Ẹ ní sùúrù."

"Ẹ ní sùúrù" yẹn ló di orúkọ fún un. Ní ọjọ́ kejì, aránṣọ yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tó ń ti ohun kan bọ inú dúrọ́ọ̀.

"Bàbá, ṣebí tèmi nìyẹn? Ṣó ti parí ni?"

"Ó ti parí."

"Ẹ wá gbé e fún mi."

"Mẹ́ta la jọ ná an sí. Ẹ má ba ọjà jẹ́."

Ẹni tí ìyà iṣẹ́ yìí jẹ jù ni ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Màmá kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́ràn aṣọ tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n iná ilé náà ò lè gbé kọ̀ǹpútà àti áyọ́ọ̀nù pọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí méjì ń gba kọ̀ǹpútà ní wákàtí mẹ́jọ kó tó yí i padà tán. Màmá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná lọ́jọ́ kan, nígbà tó ku wákàtí kan. Fíúsì jó. Iṣẹ́ wákàtí méje wọmi. Bàbá Sùúrù ò pariwo. Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá a sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé inú ò bí òun, òun kàn ń ní sùúrù ni.

Láti ìgbà náà, tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ò gbọdọ̀ gbóná. Kọ̀ǹpútà náà ò sì sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ kì í kanlẹ̀kùn mọ́. Aṣọ Màmá ló ń wò. Tó bá ti hunjọ, kí onítọ̀hún máa lọ sílé ni.

Ìdí tí wọ́n fi ra káàdì nìyẹn. Bàbá Sùúrù kì í jẹ́wọ́ pé nítorí Màmá ni, ṣùgbọ́n káfíńtà mọ̀. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki káàdì bọ inú kọ̀ǹpútà, kò sì fi ìdérí dé e mọ́, kí àlejò lè máa rí i. Oṣù kan kọjá. Oṣù méjì. Wákàtí mẹ́jọ ṣì ń jẹ́ wákàtí mẹ́jọ.

"Bàbá, ṣó ti yá sí i báyìí?" káfíńtà béèrè.

"Ó ti yá."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Wò ó. Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tilẹ̀ yí. Ẹni tó lágbára kì í mí hẹlẹhẹlẹ."

"Ẹ wo búláòsì mi," Màmá sọ láti inú ilé.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbẹ̀, ká ní kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n káfíńtà. Lẹ́yìn ọdún kan àti díẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà wà ní ọsibítù, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà ò fi pa mọ́ fún wọn pé iṣẹ́ náà le. Ọkùnrin náà ní òun ò béèrè ohun púpọ̀. Ó ní kí wọ́n tó gbé òun wọlé, òun fẹ́ rí ìyá àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá náà ti kú lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ibì kan ṣoṣo tó kù tó ti ń rìn, tó ti ń sọ̀rọ̀, ni kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n náà.

Káfíńtà gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lé àlejò jáde ní ọsibítù. Wákàtí méjì ni kásẹ́ẹ̀tì fi yí bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ó di aago mọ́kànlá. Ó wá ku kó yí i padà sí èyí tí fóònù lè gbé.

"Wákàtí mẹ́jọ," Bàbá Sùúrù wí. Ó ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Aago méje."

"Ẹ jẹ́ kó jẹ́ mẹ́fà, Bàbá."

"Kì í ṣe èmi ni mò ń tà á lónìí. Kọ̀ǹpútà ni."

"Ẹ gé ibi tí Ìyá wà nìkan, kẹ́ ẹ fún mi níyẹn."

Àwọn méjèèjì wò ó díẹ̀. Obìnrin náà wà lẹ́yìn ìyàwó, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníkámẹ́rà, ó ń ka àga, ó ń bá èèyàn jà lórí àga, ó ń yọjú níbi gbogbo.

"Ibo ni kí n ti gé e?" Bàbá Sùúrù béèrè.

Káfíńtà jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, iṣẹ́ ò tíì dé ìdajì. Kò sí ohun tó lè fọwọ́ ṣe, ó kàn na ọwọ́ sínú kọ̀ǹpútà tí kò ní ìdérí, ó sì fọwọ́ kan káàdì.

"Bàbá, ó tutù."

"Kí ló tutù?"

"Káàdì yín. Ó tutù bí òkúta odò."

"Ṣebí mo ti sọ fún ẹ. Agbára ni."

"Ayùn oníná mi náà lágbára. Tó bá la pákó tán, mi ò lè fọwọ́ kàn án. Bàbá, ẹ̀rọ tí kò bá gbóná, kò ṣiṣẹ́ ni."

Bàbá Sùúrù na ọwọ́ tirẹ̀ sí irin tó wà lórí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ó sì fà á yọ kíá, ó ki ìka bọ ẹnu. Ó wọ awòjú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ojú ewé tí kò ṣí rí nínú ètò tó fi ń yí fídíò padà, torí kì í wọ ibi tí kò bá ní iṣẹ́. Nígbà tó pẹ́, ó kan ìlà kan tó ń béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, káàdì wà níbẹ̀. Àmì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ.

"Oṣù mẹ́rìnlá," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ó ń gbé ilé mi fún oṣù mẹ́rìnlá, kò gbálẹ̀, kò pọnmi."

Ìyọnu kan ṣì wà níbẹ̀. Wọn ò lè gbé àmì náà kúrò láìdá iṣẹ́ dúró. Wákàtí mẹ́ta tó ti lọ á ṣòfò. Bí káàdì náà ò bá sì mọ iṣẹ́, ọwọ́ á ṣófo pátápátá, aago méje gan-an ò ní bá a mọ́. Bàbá Sùúrù yíjú sí káfíńtà. Kò sọ pé kó ní sùúrù.

"Ẹ dá a dúró," káfíńtà wí.

Ó dá a dúró. Ó gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́ káàdì. Ó tẹ̀ ẹ́.

Fáànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ké lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Sùúrù ò gbọ́ ohùn wọn rí láti ọjọ́ tó ti rà wọ́n. Ó fò dìde, ó sáré sí ara ògiri, ó sì fa wáyà iná yọ. Gbogbo yàrá dákẹ́.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo rò pé ó fẹ́ fò ni."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí káfíńtà dúró níwájú ibi tí iná wà, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó ń ṣọ́ ilé nínú bọ́ọ̀lù. Fáànù ń ké, káàdì ń gbóná, nọ́ńbà ń sáré lójú kọ̀ǹpútà. Bàbá Sùúrù ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń mì í, ó rò pé aago náà ti kú. Ìṣẹ́jú méjìlélógún, iṣẹ́ parí.

Ó gbé e sórí fóònù káfíńtà. Ojú Bàbá Sùúrù ṣèèṣì yà sí dúrọ́ọ̀ tó máa ń fi iṣẹ́ tó ti parí pamọ́ sí.

"Bàbá," káfíńtà wí.

"Mo mọ̀. Gbà. Sáré."

Kò sẹ́ni tó gbọ́ kó ní kí èèyàn sáré rí.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà wà láàyè títí dòní. Òkìkí káàdì sì kàn, àwọn èèyàn ń kó kásẹ́ẹ̀tì wá láti ibi tó jìnnà. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni Màmá fi lọ aṣọ, iṣẹ́ tún kún kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni Bàbá Sùúrù fi ń ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan. Ọjọ́ mẹ́ta ló ṣì ń ná an sí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, aránṣọ ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, ó rí Màmá tó jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó wọ búláòsì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ìlà apá rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Aránṣọ mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibi tó dúró sí ló ti ń sunkún.

Ìsọ̀ káfíńtà ni káàdì náà wà báyìí, lórí pẹpẹ, láàárín gọ́ọ̀mù àti ìṣó. Kò fi ṣe nǹkan kan. Àmì bírò ṣì wà lára fáànù kẹta.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n yí kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó yẹn padà, ó ti ń lọ sí aago méje nígbà tí káfíńtà ti ọsibítù dé. Bàbá Sùúrù jókòó síwájú ilé. Oúnjẹ tí Màmá ti gbé fún un láti aago márùn-ún wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Nínú ilé, Màmá ń lọ aṣọ.

"Ṣó rí i?"

"Ó rí i. Ìyá ń bú oníkámẹ́rà pé kó gbé iná kúrò lójú òun. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí, nọ́ọ̀sì ní kó rọra, nítorí àyà rẹ̀."

"Ó wò ó dé òpin?"

"Nígbà tí wọ́n ń lé mi jáde, ó tún ti dá a padà síbẹ̀rẹ̀."

Bàbá Sùúrù mi orí. Ó fa àwo sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Búrẹ́dì ló jẹ, àti ẹyin sísè méjì, pẹ̀lú tíì tó ti tutù. Ẹyin mẹ́ta ló wà nínú àwo. Ó ti ẹ̀kẹta sọ́dọ̀ káfíńtà, ó ní èènì ni.