Adágún Alhaja Sàláwà ní Apòmù

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, kí n tó rí omi. Mo gun kẹ̀kẹ́ láti Ìkirè lọ sí Apòmù, sí ẹ̀yìn ilé Alhaja Sàláwà, níbi tí adágún ẹja oníṣìmẹ́ńtì kan wà tí mò ń bá wọn tọ́jú. Nígbà tí mo dé etí rẹ̀, àwọn epìyà ti wá sókè omi, wọ́n ń la ẹnu bí ẹni tí èémí ò tó. Mẹ́fà ti kú. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn yóò ṣe àdúà ọdún kan fún ọkọ Alhaja. Bàbá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó ọmọ ẹja sínú adágún kó tó kú, Alhaja sì ti ṣèlérí níwájú àwọn ààfáà pé ẹja yẹn ni àwọn ọmọ ilé kéwú yóò fi jẹun lọ́jọ́ náà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹja là ń bọ́. Ọ̀gá mi, Bàbá Súnmọ́nù, tó kọ́ mi níṣẹ́ lọ́nà Asejire, sọ fún mi pé omi là ń bọ́, omi ló ń bọ́ ẹja. A máa ń so àpò ìgbẹ́ adìẹ mọ́ igi, a ó jẹ́ kó rì sínú adágún, omi yóò sì di àwọ̀ ewé. Ohun aláwọ̀ ewé yẹn ni epìyà ń jẹ. Bí ìgbẹ́ bá kéré, omi á mọ́ gaara. Ebi ń pa omi nìyẹn. Bí ó bá pọ̀ jù, omi ti yó jù, èémí ò ní ṣẹ́ kù fún ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí n tó wọ ilé ìwé, mi ò sì pẹ́ níbẹ̀. Apá mi ni ìwọ̀n mi. Màá ti apá bọ omi, màá la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀. Ó yẹ kí omi dé ìgbúnwọ́ kí n tó má rí ọwọ́ mi mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, omi ò tíì kọjá ọrùn ọwọ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi pòórá.

Mo gbà lọ́kàn mi pé èmi ni mo jẹ̀bi. Àpò méjì ni mo so síbẹ̀ dípò ẹyọ kan, torí mo fẹ́ kí ẹja tètè sanra de ọjọ́ àdúà. Mo yọ méjèèjì, mo gbọ́n omi díẹ̀ dànù, mo fi omi kànga dí i, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó ti burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo lọ bá ọ̀gá mi. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní ohun tó bá hàn lókè omi, ìsàlẹ̀ ló ti wá, kí n lọ fẹsẹ̀ wá a.

Lọ́jọ́ kejì mo ká ṣòkòtò sókè, mo wọ inú adágún. Ẹsẹ̀ mi rì sínú ohun rírọ̀ kan. Mo bu ú sókè: ìrẹsì, mọ́sà, ègé àkàrà, àti ẹ̀kọ tí wọn ò tiẹ̀ tú ewé rẹ̀.

Nígbà tí mo bi Alhaja, wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣe sàráà fún ọkọ wọn, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dà fún ẹja, torí ẹlẹ́mìí ni ẹja, ti ọkọ wọn sì ni. Àwọn aládùúgbò gbọ́, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn wá.

Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ mo sọ ọ́. "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ yẹn ló ń pa wọ́n."

"Sàráà ló ń pa ẹja?" Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀. "Ìwọ tí a kì í rí ní mọ́ṣáláṣí, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní sàráà?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa mọ́ṣáláṣí. Mo ní kí wọ́n bá mi mú àwo funfun kan wá. Mo rì í sínú adágún lójú wọn. Kò ju ìka mẹ́rin lọ tí a ò fi rí i mọ́. Mo wá rì í sínú korobá omi kànga. Ó dé ìsàlẹ̀, òdòdó tí wọ́n yà sí i lára ṣì hàn. Alhaja bẹ̀rẹ̀ wo inú korobá náà.

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Kí wọ́n gbààwẹ̀, mà."

"Ẹja?"

"Ọjọ́ méje. Kò sí oúnjẹ, kò sí ìgbẹ́ adìẹ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Àpò méjì ni mo so."

"Àwa méjèèjì la jọ wà nídìí ẹ̀ nìyẹn," ni Alhaja wí, ojú wọn sì rọ̀.

A kó ẹ̀gbin ìsàlẹ̀ kúrò, a gbọ́n omi dé ìdajì, a dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, a fi omi kànga dípò rẹ̀. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń pààrọ̀ díẹ̀ sí i. Alhaja gbé àga sẹ́bàá adágún, wọ́n ń dá àwọn tó gbé abọ́ wá padà: ẹja ń gbààwẹ̀. Ìyá kan béèrè bóyá àwọn ẹja náà jí sààrì.

Ní ọjọ́ keje, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìgbúnwọ́ mi kí n tó má rí ọwọ́ mi mọ́. Nígbà tí a da àwọ̀n lọ́jọ́ àdúà, ìdajì epìyà ti kú, àmọ́ àwọn àrọ̀ tó wà láàárín wọn yè é. Ó tó àwọn ọmọ, kò tó àgbà. Alhaja bẹ àwọn ààfáà pé kí wọ́n fara mọ́ ẹran.

A tún kó ọmọ ẹja tuntun sí i. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ Jímọ̀ bá pé, Alhaja á gbé abọ́ dé etí adágún, wọ́n á bi mí bóyá omi lè gbà á. Bí mo bá mi orí pé rárá, èmi ni wọ́n máa gbé abọ́ náà fún. Ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí, ń ṣe kàyéfì ìdí tí mi ò fi lè jẹ oúnjẹ alẹ́ ní Jímọ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kí n máa mi orí lọ.