Ọ̀wọ̀ Tí Mo Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Ìdérí ni mò ń tẹ̀ mọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí láàárọ̀ Ọjọ́rú yẹn nígbà tí ọ̀rẹ́ mi, ẹni tá a jọ ń dúró nídìí tábìlì kan náà, sáré wọlé láti ọ́fíìsì. Ó ní Mánéjà ní kí n máa bọ̀, pé òní ni wọ́n fẹ́ wo nǹkan tí mo kọ, kì í tún ṣe ọjọ́ Ẹtì mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ la fi ń tẹ ìdérí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́tùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan lósì, títí yóò fi dún pó. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò tíì dún. Mo gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo béèrè bóyá mo lè kọ́kọ́ lọ tọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Íńjíníà, ìtọ̀ ò sí nínú ètò. Wọ́n ti jókòó."

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Ilé-ìwé girama ni mo kà mọ, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà l'Ọ̀tà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka ìdìrù ni mo sì wà. Ọ̀sẹ̀ kan iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ọ̀sán, ọ̀sẹ̀ kan òru. Ẹni tó bá ń ṣe irú ṣíìfù bẹ́ẹ̀ kò lè máa dá tọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, bàbá ọmọ náà sì ti wà níbi tó wà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó yà síbí. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ìyá mi ní Àtàn ni ọmọbìnrin mi ń gbé. Nígbà tí Mánéjà gbọ́ pé mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ áàpù, ó ní tí mo bá lè kọ èyí tí sítọ́ọ̀ wa á máa lò, tí ìwé pélébé tá a fi ń béèrè ẹrù ò ní máa sọnù láàárín ẹ̀ka kan sí èkejì mọ́, òun á gbé mi lọ sí ọ́fíìsì. Àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ nìkan, kò sí òru. Ìyẹn ni pé ọmọ mi á padà wálé. Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo ti fẹnu ara mi sọ fún un pé ọjọ́ Ẹtì ni màá wá mú un.

Oṣù mẹ́jọ ni mo ti fi ń kọ́ ọ nígbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Sángo, lórí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Tíṣà wa kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní ohun tí a ń rí lójú fóònù kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ wà. Ó ní ó dà bí ilé oúnjẹ: oníbàárà jókòó níwájú, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ìdáná wà. Ìdáná yẹn ni sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn. Ó yé mi kíákíá, torí ebi ń pa mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni nǹkan bà jẹ́. Ó ní a ò ní máa fi ọwọ́ ara wa kọ́ gbogbo ilé ìdáná náà láti ìpìlẹ̀, pé àwọn kan ti kọ́ ilé sílẹ̀, wọ́n ti kàn án lórùlé, wọ́n ti rẹ́ ẹ, tiwa kò ju ká kó ẹrù wọlé. Ilé yẹn ni wọ́n ń pè ní férémùwọ́ọ̀kì. Kò sọ fún wa pé onílé náà le. Ibi tó bá ní kí o gbé ìkòkò sí, ibẹ̀ náà ni o gbọ́dọ̀ gbé e sí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé ìkòkò sí ilé ìtọ̀, tí mo wá ń bínú pé ọbẹ̀ ń rùn.

Nǹkan míì tó tún dà mí láàmú ni ọ̀nà tí mo gbà kàwé láyé ọjọ́sí. Kíráàmù, ìyẹn àkọ́sórí lásán, ni mo fi yege ìdánwò àṣejáde mi. Nítorí náà, mo da gbogbo ohun tí Tíṣà bá kọ sójú kọ̀ǹpútà sínú ìwé olójú-ewé ọgọ́ta, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, mo wá ń kọ́ ọ sórí nídìí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan ọ̀rẹ́ mi gbọ́ tí mò ń kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sínú, ó rò pé àdúrà ni, ó ṣe àmín. Nígbà àkọ́kọ́ tí láptọ́ọ̀pù tí mo yá lọ́wọ́ àbúrò mi sì da ìlà pupa gígùn sí mi lójú, pé mo ti ṣe àṣìṣe, ẹnu mi ló kọ́kọ́ sọ pé, "Ẹ má bínú." Tíṣà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fi mí rẹ́rìn-ín.

Òfin kan wà tí kò yéé tún sọ fún wa. Ó ní, "Ẹ má gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ohun yòówù kí wọ́n tẹ̀ wá láti iwájú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó gbà á." Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nínú ọkàn mi, mo ní ṣé ẹni tó ṣe òfin yìí ní ìyá tó tọ́ ọ báyìí?

Torí mo mọ ẹni tó máa lo áàpù náà jù. Bàbá Sítọ́ọ̀ ni. Ọmọ Ọ̀tà gan-an ni Bàbá, òun ló sì ń tọ́jú gbogbo àpò rọ́bà wóróró tá a fi ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ti wà nílé iṣẹ́ náà látìgbà tí ẹ̀rọ méjì péré wà níbẹ̀. Nígbà tí mo lóyún, òun ló bá wọn jà pé kí wọ́n má jẹ́ kí n gbé ẹrù. Tó bá kírun tán, orúkọ wa pẹ̀lú ti àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa ń dà pọ̀ mọ́ra nínú àdúà. Ọjọ́ tí mo dé ibi tí màá ti kọ ọ́ pé, "Ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ kò tọ̀nà," ọwọ́ mi kọ̀. Èmi, màá fi lẹ́tà pupa sọ fún Bàbá lójú gbogbo èèyàn pé ohun tó sọ ò tọ̀nà? Ìyá mi á gbọ́ ọ ní Àtàn.

Ni mo bá kọ ìlà mẹ́ta kan síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Bàbá ló tẹ nǹkan wọlé, má bi í ní ohunkóhun. Gbà á, kí o sì dúpẹ́. Gbogbo àwọn yòókù, títí kan Mánéjà, ni kí o yẹ̀ wò. Orí mi wú. Mo rò pé mo gbọ́n ju àwọn tó kọ́ ilé náà lọ. Mi ò fi han Tíṣà.

Báyìí ni mo ṣe wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, tí mo gbé láptọ́ọ̀pù lé orí tábìlì Mánéjà. Àwọ̀n tá a fi ń bo irun níbi iṣẹ́ ṣì wà lórí mi, mi ò mọ̀. Mo sọ pé "ẹ́ńtápíráìsì", bí wọ́n ṣe ń pe áàpù àwọn ilé iṣẹ́ ńlá, ó tó ìgbà márùn-ún, mi ò ro ohun tó túmọ̀ sí nígbà kankan nínú márààrún. Mánéjà fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá ẹ̀ka kan, ó béèrè fún àpò láì kọ iye tó ń fẹ́. Áàpù náà kọ̀ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ní kí Bàbá, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wá gbé àpò mẹ́rìnlá jáde nínú áàpù náà. Ọgọ́ta àpò ló wà nínú sítọ́ọ̀ lójú kọ̀ǹpútà.

Ìka kan ṣoṣo ni Bàbá fi ń tẹ̀wé, ìka náà sì wúwo. Ó wá bọ́tìnnì oókan, ó rí i. Ó wá mẹ́rin, ó rí i. Bó ṣe fẹ́ gbé ọwọ́ kúrò, ìka rẹ̀ kan òdo. Ogóje. Mo rí i. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀, torí báwo ni mo ṣe fẹ́ já a gbà lẹ́nu Bàbá? Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ohun tó jáde lójú kọ̀ǹpútà ni, "Ẹ ṣé, Bàbá. A ti gbà á." Lábẹ́ rẹ̀: "Ó ku: -80."

Mánéjà sún mọ́ ọn. Ó béèrè kí ni ìlà kékeré tó wà níwájú ọgọ́rin yẹn. Mo ní àmì àyọkúrò ni, sà. Ó ní, "Ìyẹn ni pé a ní ọgọ́rin àpò tí kò sí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wò mí. Ó ní, "Èmi tí mi ò kọ iye, ó lé mi padà. Kí ló dé tí kò lé Bàbá padà?"

Mo rò ó bóyá kí n sọ pé détà ló ń ṣe wọ́nranwọ̀nran. Ṣùgbọ́n Bàbá ń wò mí, mi ò sì lè parọ́ níwájú rẹ̀. Mo ní, "Èmi ni mo ní kó má bi Bàbá léèrè. Mi ò lè kọ ọ́ kó máa bá Bàbá jiyàn, sà."

Mánéjà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tún un wọ̀, ó ka nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọmọ mi," ó ní, "o bọ̀wọ̀ fún mi, mo rí i, Ọlọ́run á jẹ́ kí tìrẹ náà bọ̀wọ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àwọn aṣàyẹ̀wò bá dé, tí wọ́n bá ọgọ́rin àpò tí kò sí nídìí orúkọ mi, ta ni wọ́n máa pè lólè? Ìwọ tí o ò bi mí ni àbí èmi tí ojú mi ò ríran dáadáa? Bi mí, jàre. Bi mí lójú gbogbo ayé."

Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Bàbá ní kí n dìde, kí n sì bọ́ àwọ̀n yẹn lórí.

Mánéjà kò lé mi, kò sì gbé mi lọ sí ọ́fíìsì. Ó ní kí n tún un ṣe, kí Bàbá máa lò ó pa pọ̀ pẹ̀lú ìwé pélébé títí ìparí oṣù tó ń bọ̀, ká wá wò ó bóyá méjèèjì bára mu. Títí dìgbà yẹn, kí n máa bá ṣíìfù mi lọ. Mo padà sídìí tábìlì. Ọ̀rẹ́ mi bi mí báwo, mo sọ ọ́ fún un bó ṣe jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wá ní bó bá jẹ́ òun ni, òun náà ì bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé òun ì bá tiẹ̀ fi ìkúnlẹ̀ kún un.

Nígbà tá a parí iṣẹ́ lọ́sàn-án, mo lọ bá Bàbá ní sítọ́ọ̀. Mo pa ìlà mẹ́ta yẹn rẹ́ lójú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́, ìṣẹ́jú kan ni mo fi tún un ṣe. Bàbá tẹ ogóje, lẹ́tà pupa yọ sí i pé àpò kò tó bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó tẹ igba. Ó kọ̀ fún un. Ó tẹ ẹgbẹ̀rún. Ó pe ẹni tó ń kọjá lọ pé kó wá wo bí ọmọ òun ṣe ń dá òun lóhùn. Èmi ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ti wà ní Àtàn.

Òòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Ọmọ mi ti di ẹrù rẹ̀. Ó ti ká yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó jókòó tì í níwájú ilé, ìyá mi ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ń dì í bẹ́ẹ̀ tó bá ti ilé-ìwé dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àsìkò yìí ni mo sábà máa ń sọ fún un pé ọ̀la ni màá mú un, tàbí pé ọkọ̀ ò sí.

Mo ní, "Kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ẹ̀bi mi ni. Mo ṣiṣẹ́ kan, mi ò ṣe é dáadáa, torí ojú ń tì mí láti sọ fún àgbàlagbà pé ó ṣì í. Mo ti tún un ṣe. Ó ku kí wọ́n lò ó títí ìparí oṣù tó ń bọ̀."

Ó ní, "Tí wọn ò bá wá gbà á ńkọ́?"

Ó ṣe mí bíi kí n sọ pé wọ́n á gbà á lágbára Ọlọ́run. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Tí wọn ò bá gbà á, èmi fúnra mi ni màá wá sọ fún ẹ, mi ò ní rán ìyá àgbà sí ẹ. Yọ yunifọ́ọ̀mù ẹ nínú ọ̀rá yẹn, kó má baà rún. O máa wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé lọ́la."